Gbémiga Gé Ohùn Ìyá Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka abala yìí tipẹ́ mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá wá jẹ́wọ́ níwájú mi, mo máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà kí ilé rẹ̀ má baà tú. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó ni ìtàn ló ní òun ò fẹ́.

"Ẹ kọ Gbémiga síbẹ̀, mà. Ẹ kọ Isikan síbẹ̀. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ẹlòmíràn."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbémiga ni. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, ó ń tún fóònù àti rédíò ṣe ní àdúgbò Isikan níbẹ̀. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, òun àti Ràhímù ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ariwo Irin.

Ẹ má ro ti jùjú, ẹ má ro ti fújì. Àwọn wọ̀nyí á gbé fóònù lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó nílùú Oǹdó, wọ́n á gba igbe ayùn sílẹ̀. Wọ́n á gba ti ẹ̀rọ ata, ti jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́, ti irin tí wọ́n ń jó pọ̀. Gbémiga á kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á gé e wẹ́wẹ́, á tò ó títí yóò fi di ìlù. Ràhímù á wá gbé mẹ́gáfóònù sẹ́nu, irú èyí tí àwọn oníwàásù fi ń jí wa ní ìdájí, á máa kígbe lé e lórí.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Etí mi ń hó fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yunifásítì fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á máa fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ.

Bí Gbémiga ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Bó bá ti gé ohùn kan, èyí tó bá fẹ́ á mú, èyí tó kù á dànù, á sì fi gígé náà pamọ́ rọ́pò odindi. Kò tọ́jú odindi ohùn kankan rí. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ayùn á tún ké lọ́la.

Ìyá Ràhímù ńkọ́? Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ta ìkòkò irin l'Ákùúrẹ́ títí tó fi di ará ilé. Ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá Gbémiga ni wọ́n háyà yàrá sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n níbẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Gbémiga, àmọ́ ìṣínu ààwẹ̀ kan kò kọjá kí ó má sí nídìí abọ́.

Ìyá yìí kì í pe ọmọ rẹ̀ ní Ràhímù. Àkànní ló ń pè é, á sì fi oríkì tó hun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e:

"Àkànní ọkọ mi, ọmọ oníkòkò tí í dún lọ́jà bí agogo. Irin tí òjò pa tí kò dípẹtà. Dìde o jẹ́ mi, Àkànní."

Ràhímù á ní, "Màámi!" Ibi yòówù tó bá wà, ohun yòówù tó bá ń ṣe.

Àwọn ará Àkúrẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ní irú oríkì bẹ́ẹ̀. Ó ń jọ Gbémiga lójú. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, ó bi ìyá pé, "Èmi ńkọ́, mà?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí ẹ ń pe ilé ní ulé? Ó dáa. Àjàní ni tìrẹ, ẹni tí a jà kí a tó ní. Mo bá ìyá rẹ jà kí ó tó máa jẹ́ kí o wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, kí o dáhùn o! Ọmọ tí ìyá ń kì tí kò dáhùn, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sójú ọ̀nà nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, ẹni méjì péré ló ń pe Gbémiga ní Àjàní láyé yìí: ìyá náà àti Ràhímù.

Nígbà tí Ràhímù ríṣẹ́ sídìí ayùn l'Óǹdó, ìyá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo Wásáàpù. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, á tẹ fóònù, á ki ọmọ rẹ̀, á fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i. Ràhímù á gbọ́ ọ láàárín àwọn òṣìṣẹ́, á ní "Màámi!" bí ẹni pé ìyá náà dúró níwájú òun. Wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò jẹ́ ohunkóhun fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ohùn ìyá wọlé bí i ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀gá ti ń pariwo pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ, Ràhímù bá ti fóònù bọ àpò àyà, ó ní òun á gbọ́ ọ bí àwọn bá sinmi fún oúnjẹ. Kí àsìkò oúnjẹ tó tó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àgbá omi tí wọ́n fi ń tu ayùn lára. Fóònù já sínú omi, ó kú fin-ín.

Lẹ́yìn aago méjìlá, ẹnì kan pe fóònù ọ̀gá láti Àkúrẹ́. Ìyá ti ṣubú láàárín ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí Ràhímù fi máa dé Isikan, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun alásàárì.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ràhímù wọ ṣọ́ọ̀bù Gbémiga. Ó fi áńkáṣíìfù di fóònù náà bí ẹni di ọmọ tuntun.

"Àjàní, gbogbo ohùn màámi ló wà níbí. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan. Ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Fóònù tiwọn ńkọ́?"

"Àbúrò wọn ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ó ti gbé e fún ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀, mi ò bá a jà." Ó ti fóònù náà síwájú Gbémiga. "Àjàní, wọ́n pè mí, mi ò dáhùn."

"Fi í sílẹ̀. Màá jí i fún ọ."

"Ní ti ẹgbẹ́, ọ̀fun mi ò lè kígbe báyìí. Wá ẹnì kan fi dí àlàfo mi kí Ariwo Irin má kú. Bí ara mi bá balẹ̀, a ó mọ bí a ó ti ṣe é."

Ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọkùnrin yẹn sọ o. Kò sẹ́ni tó lé e kúrò. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àyè sílẹ̀.

Ẹni tí Gbémiga rí ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Peculiar, ọmọ Oǹdó, akọrin ìjọ, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Gbémiga ní, "Má kígbe. Kọrin." Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú pé kí orin àwọn yí padà, kí àgbàlagbà pàápàá lè jókòó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ lójú Ràhímù.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, ẹni tó máa ń ṣètò eré fún àwọn olórin l'Ákùúrẹ́, wá gbọ́ wọn. Ó mi orí.

"Ọmọbìnrin yìí dára. Ẹ̀rọ rẹ náà dára. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ ara wọn. Ó dà bí ẹni tó ń kọrin ìsìn nínú ilé tí wọ́n ti ń la pákó. Wá nǹkan tó máa so wọ́n pọ̀, màá fi yín sí eré ńlá tí mo fẹ́ ṣe."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Gbémiga sùn. Ọdún mẹ́jọ tó ti ń pariwo, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa pè é síbi ńlá.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù Ràhímù jí. Kò jí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Gbémiga sáré kó gbogbo ohùn ìyá sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Bó ti kó wọn tán ni fóònù náà tún kú, kò sì jí mọ́ títí dòní. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà Gbémiga nìkan ló kù.

Ó ṣí èyí tó kẹ́yìn. Ó ní kò yẹ kí òun ṣí i, kì í ṣe òun ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ó ṣáà ṣí i.

Ìyá ń ki Àkànní. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ó ń to ìkòkò ọjà, irin ń kan irin: gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n. Nígbà tó ki oríkì náà tán, ó wúkọ́, ó sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Gbémiga gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún.

Ó mú fóònù láti pe Ràhímù. Nọ́ńbà ti wà lójú fóònù.

Ìgbà náà ni etí rẹ̀ tàn án. Ìkòkò tó ń dún lẹ́yìn ìyá náà bá ìlù ayùn rẹ̀ mu rẹ́gí. Ó ní, "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Kí n kàn gbé e lé e wò."

Ìṣẹ́jú márùn-ún! Gbogbo ẹni tó ti jẹ́wọ́ níwájú mi, ìṣẹ́jú márùn-ún ló kọ́kọ́ tọrọ.

Ó gbé ohùn ìyá lé orí ayùn. Ó mú "Àkànní ọkọ mi, ọmọ oníkòkò tí í dún lọ́jà bí agogo." Ó gé e níbẹ̀. Èyí tó kù, ikọ́ ti wọ̀ ọ́, kò wúlò fún orin. Ọwọ́ rẹ̀ ṣe é bó ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́jọ: ó gé e, ó jù ú nù, ó fi pamọ́.

Ó ní ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí òun tó mọ ohun tí òun ṣe. Ó wá a nínú kọ̀ǹpútà títí. Ó mú fóònù tó kú, ó fi iná gbóná sí i, ó fi gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ sí i. Òfo.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ràhímù pè. "Àjàní, ó jí?"

"Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò tilẹ̀ dún bí irọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Peculiar gbọ́ ohun tó tò. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí kọrin sábẹ́ ohùn ìyá náà, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn lọ sọ́jà. Ayùn, ìyá àti ọmọbìnrin náà ti di nǹkan kan ṣoṣo.

"Bọ̀dá Gbémiga, ta ni màmá yìí?"

"Ìyá mi àgbà ni."

"Wọ́n mọ̀ pé ẹ fẹ́ lò ó?"

"Wọ́n ti kú. Inú wọn á dùn sí i."

"Ẹni tí wọ́n ń pè ní Àkànní yẹn ńkọ́?"

"Orúkọ lásán ni."

Ọlábọ̀dé gbọ́ ọ, ó dìde dúró. "Èyí gan-an! Orin yìí lẹ máa fi kásẹ̀ eré mi nílẹ̀." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, orin náà ti ń ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn káàkiri Àkúrẹ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbé e kiri. Ràhímù nìkan ni kò gbọ́, torí fóònù kékeré olótọ́ọ̀ṣì ló ń lò l'Óǹdó, kò sí Wásáàpù nínú rẹ̀.

Ó tún pè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbémiga bi ara rẹ̀ pé, bí mo bá ní ó jí, á ní kí n gbé èyí tí òun ò gbọ́ wá. Kí ni mo fẹ́ gbé fún un?

Ó ní, "Ó ti kú, Àkànní. Omi ti jẹ inú rẹ̀. Má bínú."

Gbémiga ń gbọ́ ayùn tó ń ké lẹ́yìn Ràhímù.

"O gbìyànjú, Àjàní. Mo mọ̀ pé o gbìyànjú. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Gbémiga sọ fún mi pé bí Ràhímù bá ti bú òun lọ́jọ́ yẹn ni, òun ì bá jẹ́wọ́. Mi ò gbà á gbọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọjọ́ eré pé. Ọjọ́ Àìkú ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn kan lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Èrò kún dẹ́nu ọ̀nà. Gbémiga ti sọ fún Ràhímù pé kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá, ọ̀nà jìn. Láti Oǹdó sí Àkúrẹ́ náà ló jìn yẹn o.

Wọ́n ń ṣe orin kẹta lọ́wọ́ nígbà tó rí i. Ràhímù wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ó wọ aṣọ dúdú ẹgbẹ́, ó fi mẹ́gáfóònù kọ́ èjìká. Ó juwọ́ sí Gbémiga. Ó nawọ́ sí Peculiar, ó sì gbé mẹ́gáfóònù náà sókè díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbémiga mọ ohun tó ń sọ: ó fẹ́ fi mẹ́gáfóònù náà lé akọrin tuntun lọ́wọ́. Ó wá gbà pé ẹgbẹ́ ti yí padà, ó sì wá bá wọn yọ̀.

Orin ìkẹyìn ló kù. Èrò ń pè é: "Àkànní! Àkànní!" Ràhímù bojú wẹ̀yìn, ẹnu yà á, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ni wọ́n mọ̀.

Ìka Gbémiga wà lórí bọ́tìnnì. Orin márùn-ún mìíràn ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn tó lè fi rọ́pò rẹ̀.

Mo bi í léèrè pé, "Kí ló dé tí o ò fò ó kọjá?"

"Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé ń wò mí, mà. Èrò ń pariwo. Mo sì rò pé láàárín ariwo ẹ̀rọ, kò ní dá ohùn náà mọ̀."

Mo wo bàtà mi, mo wo orí rẹ̀, mo ní sùúrù. Ta ni kì í dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀?

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ayùn ké. Ìkòkò dún gbọ̀n, gbọ̀n. Ohùn Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, jáde láti inú sípíkà tó ga ju ènìyàn lọ:

"Àkànní ọkọ mi..."

Gbogbo gbọ̀ngàn fò sókè. Ràhímù nìkan ni kò fò. Mẹ́gáfóònù bọ́ ní èjìká rẹ̀.

"Màámi!"

Ìyá tún pè é, bí Gbémiga ti gé e tó sì tò ó: "Àkànní. Àkàn. Àkàn. Àkànní."

"Màámi! Mo wà níbí, màámi!"

Àwọn tó wà nítòsí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ara eré ni. Ẹnì kan tilẹ̀ na fóònù sí i, ó ń yà á. Ràhímù ń yí po, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo òkè, bí ọmọ tó sọnù lọ́jà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tí kò mọ apá ibi tó ti ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá pè é ló ń dáhùn. Kì í sì í rẹ ẹ̀rọ.

"Màámi! Ẹẹ́n, màámi! Mo ń bọ̀!"

Peculiar ló kọ́kọ́ yé. Orin já lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí Gbémiga, ó gbàgbé pé máìkì wà lẹ́nu òun.

"Bọ̀dá Gbémiga, ẹ ní ìyá àgbà yín ni. Ta ni bọ̀dá yìí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Gbémiga pa ẹ̀rọ. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ràhímù rìn wá sí ẹsẹ̀ pèpéle. Kò pariwo. Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ kígbe nínú mẹ́gáfóònù, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"O ní fóònù yẹn ti kú."

Gbémiga gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Mo ní Ọlọ́run á san án fún ọ." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ ẹgbẹ́. "O jẹ́ kí n ṣàdúrà fún ọ, Àjàní."

Ó jáde. Peculiar gbé máìkì sílẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, kò sì padà sínú ẹgbẹ́ náà mọ́. Ọlábọ̀dé ń bẹ àwọn èrò. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, àwọn àgbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Gbémiga kò tilẹ̀ tó oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ó ti yọ orin náà kúrò ní gbogbo ibi tí agbára rẹ̀ ká. Ó kó gbogbo ohùn ìyá sínú fóònù tuntun kan fún Ràhímù, ó sì mú mẹ́gáfóònù náà dání.

Wọ́n ń sinmi fún oúnjẹ nígbà tó dé. Ràhímù jókòó lórí igi gẹdú kan, lẹ́búlẹ́bú pákó bò ó lójú. Gbémiga dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú lẹ́búlẹ́bú náà, níwájú àwọn òṣìṣẹ́, fún ojúgbà rẹ̀.

Ràhímù ní, "Dìde. Ṣí èyí tí mi ò gbọ́ fún mi."

Gbémiga ṣí i. Ìyá ní, "Àkànní ọkọ mi, ọmọ oníkòkò tí í dún lọ́jà bí agogo." Ó dúró síbẹ̀ gédé, bí okùn tó já.

Ràhímù ṣì ń retí. "Èyí tó kù ńkọ́?"

"Ó tán síbẹ̀."

"Màámi kì í dúró síbẹ̀. Wọ́n máa ń ní kí n dìde kí n jẹ́ àwọn. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, wọn ò dúró síbẹ̀ rí."

Gbémiga bá jẹ́wọ́. Ó sọ bí òun ṣe gé e, bí òun ṣe fi pamọ́ lé odindi lórí, bí òun ṣe wá a tí òun ò rí i. Ràhímù gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira.

"O gbọ́ ọ kí o tó gé e?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Nígbà náà, ìwọ nìkan lo gbọ́ ọ láyé yìí. Sọ ọ́ fún mi. Kí ni màámi sọ?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibí ni ọmọkùnrin yìí ti fi ọwọ́ bo ojú níwájú mi. Omi tí mo bù fún un, kò mu ún.

Ohun tó sọ fún Ràhímù nìyí:

"Wọ́n parí oríkì rẹ. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n wá ní, 'Bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí o mú Àjàní dání, ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn án. Àyà mi ń dùn mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun yà yín o. Bí mi ò bá sí, òun ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́.'"

Ràhímù wò ó. Ó wò ó títí tí Gbémiga fi sọ ojú sílẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n fi mí lé lọ́wọ́?"

"Mo fi Ọlọ́run búra."

"Má búra." Ràhímù fa fóònù tuntun náà gbà, ó fi sí àpò àyà rẹ̀, níbi tí ti àkọ́kọ́ wà tẹ́lẹ̀. "Ó wù mí kí n gbà ọ́ gbọ́. O ò lè mọ bó ṣe wù mí tó. Bí ẹnikẹ́ni mìíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá jókòó síbí màá sunkún, màá ní màámi mọ̀ pé àwọn ń lọ, wọ́n sì dágbére fún mi. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ní fóònù ti kú náà ló ń sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Àkànní, òtítọ́ ni."

"Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ó lè jẹ́ pé ìwọ lo tò ó, o mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Bí mo bá dàgbà kú, mi ò ní mọ ohun tí ìyá mi bá mi sọ kẹ́yìn. Wọ́n ń pè mí síbẹ̀síbẹ̀, mi ò mọ ibi tí ìpè náà parí sí."

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ayùn bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ràhímù dìde, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Gbémiga. Wọ́n ń dúró dè mí nídìí iṣẹ́."

Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, kò pè é ní Gbémiga rí.

Ó ti tó ọdún kan báyìí. Ariwo Irin ti tú ká. Mẹ́gáfóònù tí Ràhímù kò gbà ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Isikan, Gbémiga kò tà á, kò sì lò ó. Ó máa ń pe Ràhímù lọ́jọ́ Jímọ̀. Ràhímù máa ń gbé e, á kí i dáadáa, á bi í léèrè ará ilé, á sì pa fóònù. Gbémiga ní ì bá tẹ́ òun lọ́rùn kí ó máa bú òun.

Ó ní kí n kìlọ̀ fún yín: ohun tí ẹnì kan bá gbé fún yín pé kí ẹ bá òun tọ́jú, ẹ má fi dánwò fún ìṣẹ́jú kan, ìbáà jẹ́ ẹ̀yin náà ni ẹni tó ni ín fẹ́ràn. Nígbà tó ń lo ohùn yẹn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìyá òun náà ni, ṣebí ó fún òun lóríkì. Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, inú ibi tó gé dànù ló wà.

Nígbà tó dìde láti máa lọ, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìyá ọlọ́mọ lèmi náà. Mo dì í lápá mú, mo ní, "Pẹ̀lẹ́, Àjàní."

Ó dúró. Ẹnu rẹ̀ là bí ẹni tó fẹ́ dáhùn. Ó wá mi orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní. "Gbémiga."